Agogo Tó Ṣáájú Oore

Motima kò mú òdòdó, kò mú ohun dídùn kankan dání nígbà tó ń gun àtẹ̀gùn òkúta tẹ́ńpìlì Golu láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìbọ̀sẹ̀ òwú kan ṣoṣo ló fi pamọ́ sábẹ́ ìborùn rẹ̀. Ìkùukùu bo òkè, inú Motima sì ṣókùnkùn jù ú lọ.

Kò sẹ́ni tí kò mọ òfin Golu, òrìṣà onídàájọ́, ní Kumaon, ilẹ̀ olókè ní Íńdíà. Bí ọ̀ràn bá dé bá ọ, wàá kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ sínú ìwé, wàá so ó mọ́ ilé rẹ̀. Ìgbà tó bá dá ẹjọ́ náà fún ọ tán lo tó lè gbé agogo ọpẹ́ wá. Láti ayé àwọn ọba àtijọ́ ni wọ́n ti ń so ó, débi pé agogo ti bo òrùlé mọ́lẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni ìwé Motima fi wà níbẹ̀: kí Diwan, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, padà wálé láti Delhi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Diwan pè é lórí fóònù.

“Ìyá mi, mo ti wọ bọ́ọ̀sì o. Ẹ se ẹ̀wà dúdú yẹn dè mí. Mi ò padà mọ́.”

Ayọ̀ pa obìnrin yìí bí ọtí. Kò dúró kí ọmọ fẹsẹ̀ kan ilé tó fi sáré lọ so agogo. Ta ni yóò bá a wí? Nírọ̀lẹ́, bọ́ọ̀sì náà já sí ọ̀gbun.

“Bàbá, ẹ bá mi tú agogo mi,” ó sọ fún Kevalanand, àlùfáà tẹ́ńpìlì.

“Ìyá Diwan, a kì í gba nǹkan padà lọ́wọ́ Golu. Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kọ́mọ dé ná?”

“Ẹ sọ ọ́, mi ò gbọ́. Ẹ fẹ́ fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ni? Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ báyìí, agogo yẹn á máa bá mi dúpẹ́. Ọpẹ́ kí ni? Ọpẹ́ òkú ọmọ?”

Àánú rẹ̀ ṣe bàbá. Ó gbé àpótí wá, ó dì í mú fún un, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ má ṣáà tú u. Ohun yòówù tẹ́ ẹ bá ṣe lókè yẹn, ojú mi ò tó o.”

Motima gun àpótí. Ó yọ ìbọ̀sẹ̀ tó ń hun fún Diwan, èyí tí kò tíì rí èkejì, ó fi bo irin tó ń lu agogo náà nínú, ó sì dì í pinpin.

Atẹ́gùn fẹ́ wá láti orí yìnyín. Gbogbo agogo ń dún, tirẹ̀ nìkan ló dákẹ́.

“Golu,” ó ní, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, “ẹjọ́ mi ṣì wà níwájú rẹ.”