Ògiri Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Màmá

Kò sílé tí ògiri ti ń tutù ládùúgbò tí wọn kì í ránṣẹ́ pe Birikilà. Á tẹ́ ọwọ́ mọ́ ògiri, á ní, "Omi kì í yọ síbi tó ti jò. Ẹ jẹ́ ká wádìí ná." Ògbóǹtarìgì ni, irọ́ ò sí ńbẹ̀. Ilé tirẹ̀ nìkan ni kò ti wádìí.

Ògiri ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ń tutù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kùn ún lọ́dà. Ó fẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Nígbà tó tutù lẹ́ẹ̀kẹrin, ó lanu níwájú àwọn ọmọ, ó ní, "Màmá, ẹ máa tètè dìde tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín."

Ìyàwó rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ gidi mọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, Màmá ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun ọkùnrin ní Sátidé.

Ọjọ́rú ni Birikilà lẹ náílọ́nù mọ́ ògiri náà, kó lè fẹ̀rí pa Màmá àti ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Tó bá jẹ́ láti inú yàrá lomi ti ń ta sí i, ojú náílọ́nù ni yóò tutù; tó bá jẹ́ inú ògiri ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Nígbà tó di Ẹtì, ojú rẹ̀ gbẹ táútáú, ẹ̀yìn rẹ̀ ló rin gbingbin. Ó ti gbogbo ẹ̀rọ omi, ó lọ wo mítà omi: mítà ṣì ń yí, omi ń jò níbì kan. Ó wá lọ sí pálọ̀, sí òdì kejì ògiri náà, níbi tó gbé fọ́tò ara rẹ̀ kọ́, tòun ti akoto iṣẹ́. Oṣù tó gbé e kọ́ gan-an ni ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó fa ìṣó yọ, omi tú sí i lójú.

Òun ló ri páìpù omi mọ́nú ògiri yẹn, òun náà ló kan ìṣó lù ú. Ojú gbà á tì. Ó sáré lọ ti omi nídìí mítà, ó sì bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Páìpù ló ń jò. Èmi ni mo dá a lu."

Màmá gbé ẹrù sílẹ̀. "Kì í ṣe èmi?"

"Ẹ̀yin kọ́, Màmá. Kò fìgbà kan jẹ́ ẹ̀yin."

Màmá rọra jókòó. "Mo ṣe bí ara ò gbọ́ tèmi mọ́ ni. Látọjọ́ tó o ti sọ ọ́, mi ò fomi kan ẹnu mọ́ tí aago mẹ́ta ọ̀sán bá ti lù."

Birikilà lọ bu omi mímu wá, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Aago márùn-ún ti kọjá. Màmá kọ́kọ́ wo ògiri kí wọ́n tó gba ife náà.