Ìka Tó Ṣí Fóònù Ssebuguzi

Wọ́n fẹ́ lẹ fọ́tò ọkọ mi, Ssebuguzi, mọ́ pósí, ṣùgbọ́n inú fóònù rẹ̀ nìkan ni fọ́tò wà. A fi àtàǹpàkò òkú tẹ̀ ẹ́ títí, fóònù burúkú náà kọ̀ jálẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí gbogbo ilé fi ìka dán an wò.

“Ọwọ́ mi dọ̀tí, Màmá,” ni Nabukenya, aládùúgbò wa tó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìsìnkú, wí.

Màmá fi aṣọ ara rẹ̀ nu oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò níka Nabukenya, ó sì fi ìka náà tẹ fóònù. Fóònù ṣí.

Mo gba fóònù náà, mo nà án sí i.

Mo ní, “Nabukenya, ọ̀rẹ́ mi, bá wa mú èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín. Nílé yìí, a ò rí eyín ẹ̀ rí.”