Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Igi

Tíṣà tó bá ń ka ìwé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà, ẹ máa sá fún un. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí èmi gan-an ni tíṣà náà. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Inísà. Ní àsìkò òjò ọdún 1996, ọ̀rẹ́ mi Adébáyọ̀ tó wà ní yunifásítì fi ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan ránṣẹ́ sí mi. Ibẹ̀ ni mo ti kà pé àwọn onímọ̀ ti fa èròjà kan yọ lára ohun abẹ̀mí kan tí kì í ṣe ẹranko, tí kì í ṣe igi, tí kì í sì í ṣe olú. Wọ́n ní bí èròjà náà bá kan sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, sẹ́ẹ̀lì náà kò ní lè máa pọ̀ sí i mọ́.

Lójú tèmi, ìbátan ohun abẹ̀mí yìí wà lọ́dọ̀ wa. Ó rọ̀, ó pọ́n bí ìyeyè, a máa yọ lára igi tó ti jẹrà lẹ́yìn òjò, a sì máa rìn láìní ẹsẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí i lónìí, ẹ kò ní bá a níbẹ̀ lọ́la. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ igi ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Adédùntán, tó ń ránṣọ ní Ìkìrun, ní kókó kan lọ́mú. Dókítà ti sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ ni, pé kò tíì ràn, pé kí wọ́n wá fún iṣẹ́ abẹ ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù náà, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó yẹ̀ rárá. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ń ba ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó ti ń fi àlùmọ́gàjí jẹun láti ogún ọdún sẹ́yìn. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí a jẹun tán, mo ṣàlàyé ohun tí mo kà fún wọn. Mo ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ igi ń ṣẹ́gun jẹjẹrẹ. N kò sọ pé inú àwo dígí àwọn onímọ̀ ló ti ṣẹ́gun rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a kì í dúró kí ohun tí a tọrọ dé kí a tó jẹ́rìí. Ìgbàgbọ́ ni kéèyàn dúpẹ́ ṣáájú. Bí o bá sì ti dúpẹ́ tán tí o tún ń wá a kiri níbòmíràn, o pe Ọlọ́run lónírọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi bọ́ síwájú, wọ́n ní Ọlọ́run ti ti ọwọ́ àbúrò àwọn wo àwọn sàn, àwọn kò sì ní lọ fún iṣẹ́ abẹ mọ́. Ìjọ hó yèè. Pásítọ̀ Ọlọ́rundáre pè mí ní Dókítà. Ó yẹ kí n dìde kí n sọ òtítọ́. Mo dìde lóòótọ́, mo tún táì mi ṣe, mo sì tẹrí ba fún ìjọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ìyá ìjọ ń ti oko Òkukù gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ igi bọ̀ nínú agolo mílíìkì, wọ́n ń gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì. Ti ìyàwó Pásítọ̀ jáde nínú agolo kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n bá a lórí Bíbélì. Wọ́n ní àmì ni.

Fọláfúnmi ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò bá wọn pariwo. Ó kàn bi mí pé ṣíbí mélòó ni ẹ̀gbọ́n mi máa lò lóòjọ́. N kò mọ̀. Mo tún ìwé náà kà. Inú erùpẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń sọ ń gbé, ojú lásán kò lè rí i. Kì í tilẹ̀ ṣe kẹ̀lẹ̀bẹ̀ igi. Mo bínú sí ìwé náà, mo bínú sí Adébáyọ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó kù, mo bínú sí ara mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọ̀tunla sì ni iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rù bà mí gidigidi pé mo ti fẹ́ fi ẹnu pa ẹ̀gbọ́n mi.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìkìrun. Mo bá wọn nídìí maṣíìnì ìránṣọ wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Wọ́n ń gbọ́ mi, wọ́n sì ń ránṣọ lọ. Wọ́n ní àwọn ti jẹ́rìí níwájú ìjọ, báwo ni àwọn ṣe fẹ́ kó ọ̀rọ̀ àwọn jẹ. Mo ní èmi ni màá lọ sọ fún ìjọ pé irọ́ ni mo pa. Wọ́n ní ojú á tì mí. Mo ní kó tì mí. Síbẹ̀ wọn kò gbà. Wọ́n ní ìwé ṣáà sọ pé ó ń ṣiṣẹ́.

“Ó ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ lára sẹ́ẹ̀lì inú àwo ni. Ìwé ò sọ pé wọ́n ti fún èèyàn kankan lò.”

“Sẹ́ẹ̀lì ta ni?”

“Ti obìnrin kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀.”

“Obìnrin ọ̀hún ńkọ́?”

“Ó ti kú. Ó ti lé lógún ọdún.”

Ẹsẹ̀ wọn dúró lórí maṣíìnì.

“Jẹjẹrẹ ẹ̀ wá ńkọ́?”

“Ó wà láàyè. Àwọn onímọ̀ ń fún un lóúnjẹ nínú àwo.”

Ẹ̀gbọ́n mi fi àlùmọ́gàjí gé òwú. Wọ́n fa aṣọ oníbàárà yọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n ká a, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Kọ́láwọlé,” ni wọ́n wí, “bá mi gbé báàgì ọsibítù mi yẹn sọ̀kalẹ̀. Tèmi ò ní gbẹ̀yìn mi.”