Ojú Mẹ́rìndínlógún Tó Ń Wá Òṣùpá

4.

…títí tí kò fi sí rédíò kan mọ́ tó ń sọ̀rọ̀ láti Bẹẹrẹ títí dé ìdí Mápó, àfi ti bàbá kan tí kò ní bátìrì.

(Ẹ má wá ọ̀kan sí mẹ́ta. Ewúrẹ́ Alájì Gàfárù ti jẹ wọ́n. Ohun tó ṣẹ́ kù nìyí, bí ó sì ṣe ń tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni mo ṣe ń tò ó. Ẹni tó bá ní bóun ṣe gbọ́ ọ kọ́ nìyí, kó lọ bi ewúrẹ́.)

5. Ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan ní Bẹẹrẹ, oṣù kìíní, 1964

SÀÍDÌ ATÚNRÉDÍÒṢE
ÀYẸ̀WÒ RÉDÍÒ LỌ́FẸ̀Ẹ́ NÍTORÍ RÀMÀDÁÁNÌ
Ẹ gbé rédíò yín wá, kí ẹ lè gbọ́ ìkéde òṣùpá ketekete.
Ẹ ó gbà á padà kí àwẹ̀ tó parí.
Inṣáláhù.

6.

Ẹyẹ ò sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀.

7. Àwọn tó gbé rédíò wá (láti inú ìwé Sàídì fúnra rẹ̀)

1. Alájì Gàfárù, baálé wa. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ìdí ni mo gbà wọlé.

2. Ìyá aláró tó wà lọ́nà Ọjà'ba. Tirẹ̀ kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Mo ní ó ní díẹ̀.

3. Adégòkè alágbàfọ̀, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí tiwa. Onígbàgbọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní òun náà fẹ́ mọ ọjọ́ ọdún, kí òun lè mọ ìgbà tí aṣọ máa ya lu òun.

4. Tíṣà Oyèdélé. Ó bi mí ní ohun tí mo fẹ́ ṣe sí i. Mo fi òyìnbó dá a lóhùn. Kò yé òun, kò yé èmi.

5 dé 15. Àwọn yòókù. Wọ́n fọkàn tán mi. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kójú tì mí.

16. Tèmi.

8.

Ìdí abájọ rèé.

Àbẹ̀bí, ìyá tó bí ìyá Sàídì, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ti ń gbààwẹ̀ láti ìgbà tí koríko ṣì wà lórí ilé n'Ìbàdàn. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ojú ara òun lòun fi ń tú àwẹ̀. Kò gba ẹ̀rí lèmọ́mù. Kò gba ti aládùúgbò. Ti rédíò ló tilẹ̀ ń bí i nínú jù. "Ṣé rédíò lójú ni?"

Òfin yìí kò ni ẹnikẹ́ni lára nígbà tójú ń ríran. Ṣùgbọ́n ojú ti ṣú. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù tó ń rí. Bí wọ́n bá tan àtùpà, á mọ̀ pé wọ́n tàn án, kò ní mọ ẹni tó tàn án.

Lọ́dún tó ṣáájú, gbogbo Ìbàdàn ń jẹran ọdún, òun ń gbààwẹ̀ lọ. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Ọjọ́ kejìlélọ́gbọ̀n. Àwọn alùfáà wá, wọ́n ní èèwọ̀ ni kéèyàn gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, wọ́n ní Ọlọ́run ti ṣàforíjì fún arúgbó. Ó ní kí wọ́n kí Ọlọ́run fún òun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ó ṣubú lẹ́bàá àmù. Sàídì ló gbé e wọlé. Ó fúyẹ́ lápá rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí ìyá èèyàn fúyẹ́ lọ, ẹ̀rù sì ba Sàídì gan-an.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ronú bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe máa fojú ara rẹ̀ rí òṣùpá.

9.

Àṣìṣe ló bí ìmọ̀ ọ̀hún.

Tiransísítọ̀ ni nǹkan kékeré tó sọ rédíò di ohun tí a ń gbé kọ́ apá. Ó tóbi tó ẹyọ ẹ̀wà kan, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún lára. Lọ́jọ́ kan ọ̀dà ọ̀kan hó mọ́ Sàídì lọ́wọ́. Dígí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe gbé àtùpà sún mọ́ ọn, rédíò kùn. Ó fọwọ́ bò ó, rédíò dákẹ́. Ó wá mú irin tó fi ń jó òjé, èyí tó gbóná ṣùgbọ́n tí kò pọ́n, tí kò tan ìmọ́lẹ̀ kankan, ó nà án sí i.

Rédíò kùn.

Ohun tí ojú ò rí, tó jẹ́ pé ara ló ń mọ̀ ọ́n, nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí ń rí i. Tíṣà Oyèdélé sì ti fi ojú ewé ìwé ìròyìn kan hàn án rí, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé irú ojú bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó fi ń wo inú kùrukùru. Ó tán. Ọyẹ́ ló ń bo òṣùpá mọ́ aráyé lójú, ọyẹ́ ò sì lè bo ojú yìí.

Ìdajì òótọ́ ni. Inú ìdajì òótọ́ sì ni wàhálà máa ń fẹ́ gbé.

10. Ohun tí Sàídì kọ sẹ́yìn páálí ṣúgà, pẹ̀lú pẹ́ńsù

Ojú 16. Mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní òró.

Méjì-méjì nínú rédíò kọ̀ọ̀kan: kékeré láti ríran, ńlá láti tan gílóòbù.

Ojú kan, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan lórí pákó.

Awò ìkàwé níwájú. Awò ń dorí nǹkan kodò. Nítorí náà ojú òkè sí gílóòbù ìsàlẹ̀, ojú ọ̀tún sí gílóòbù òsì.

Ìyá Àgbà kò lè rí òṣùpá. Ṣùgbọ́n á rí gílóòbù.

11. Ìdánwò kìíní. Ọ̀sán gangan, abẹ́ páànù (● ni gílóòbù tó tàn, ○ ni èyí tí kò tàn)

● ● ● ●
● ● ● ●
● ● ● ●
● ● ● ●

Òṣùpá gba gbogbo ayé.

12.

KÚLÚSÚMÙ (ìyàwó rẹ̀): Kí ló ń rí?

SÀÍDÌ: Ara ẹ̀. Ooru ti mú un. Tí ara tiẹ̀ bá ti gbóná, á máa rò pé gbogbo ayé ló gbóná.

KÚLÚSÚMÙ: Mo mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

SÀÍDÌ: Ibi tútù ló ń fẹ́.

KÚLÚSÚMÙ: Ẹ má wo àmù Ìyá Àgbà.

SÀÍDÌ: Mi ò wò ó.

KÚLÚSÚMÙ: Ẹ ń wò ó.

13.

Nínú agbo ilé yẹn, èèyàn lè fọwọ́ kan ìyàwó baálé kí wọ́n bá a parí rẹ̀. Àmù Ìyá Àgbà kò ní ìparí. Igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, lórí yanrìn tútù. Ife kan ṣoṣo ló ń wọ inú rẹ̀, ọwọ́ kankan kì í wọ̀ ọ́. Omi rẹ̀ tutù débi pé eyín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀ ọ́ nínú oṣù ọyẹ́.

Sàídì fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé ojú mẹ́rìndínlógún náà, ó so ó, ó jó ẹnu rẹ̀ pa. Awò nìkan ló yọrí sókè omi.

14. Ìdánwò kejì. Inú àmù

○ ○ ○ ○
○ ○ ○ ○
○ ○ ○ ○
○ ○ ○ ○

Ó ní kí Kúlúsúmù gbé ìkòkò ẹ̀yinná kọjá lókè rẹ̀.

○ ○ ○ ○
○ ● ● ○
○ ● ● ○
○ ○ ○ ○

Sàídì jókòó sílẹ̀, ó sunkún díẹ̀. Ó ní èéfín ni.

15. Ohun tí Ìyá Àgbà bá nínú àmù nígbà tó fẹ́ bu omi ìṣínu (òun ló ń fọwọ́ tá a, tó ń dárúkọ rẹ̀)

Omi.
Wáyà.
Rọ́bà.
Wáyà mìíràn.
Orí ọmọ ọmọ mi, tó kúnlẹ̀ ti àmù, tó ń sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

16.

ÌYÁ ÀGBÀ: O ní ó lójú?

SÀÍDÌ: Mẹ́rìndínlógún, Ìyá.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ojú ta ni?

SÀÍDÌ: Tiyín ni. Ẹ̀yin lẹ máa fi rí òṣùpá.

(Ó fọwọ́ tá rọ́bà náà lẹ́ẹ̀kan sí i.)

ÌYÁ ÀGBÀ: Má jẹ̀ẹ́ kó ba omi mi jẹ́.

17. Ìwé láti ọ̀dọ̀ baálé

Sàídì ọmọ mi,

Àwẹ̀ pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lónìí. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni wọ́n máa kéde òṣùpá. Mo lọ sí ilé méje láti wá rédíò gbọ́, gbogbo wọn ní ọwọ́ rẹ ni tàwọn wà. Mo rò pé kí n wá bi ọ́ bóyá o fẹ́ dá ilé iṣẹ́ rédíò tìrẹ sílẹ̀ ni.

Gàfárù

*Èmi Oyèdélé ni mo bá Alájì kọ ọ́. Èmi náà ń bèèrè tèmi.*

18. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé àmù bọ́ sí ìta gbangba, Ìyá Àgbà ń pariwo lẹ́yìn wọn bí ẹni pé ọmọ ìkókó ni wọ́n gbé. Wọ́n dojú awò kọ ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn ti wọ̀. Wọ́n ti ṣínu, wọ́n ti kírun, gbogbo agbo ilé pé jọ. Ọyẹ́ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí òrùlé Mápó.

Wọ́n gbé pákó gílóòbù lé Ìyá Àgbà lórúnkún. Imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án.

○ ○ ○ ○
○ ○ ○ ○
○ ○ ○ ○
○ ○ ○ ○

19.

Wọ́n dúró.

20.

Ewúrẹ́ kọjá níwájú awò. Kò jọ nǹkan kan.

21.

○ ○ ○ ○
● ○ ○ ●
○ ● ● ○
○ ○ ○ ○

22.

"Mo rí i."

23.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, wẹ́rẹ́. Omijé ń bọ́ sórí gílóòbù. Ó tẹ ìka mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti etí kan òṣùpá dé etí kejì. Inú gbogbo wọn dùn. Kúlúsúmù dì mọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyàwó baálé ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé ń ké pé ọ̀la lọdún.

Gbogbo èèyàn ló ń wo gílóòbù. Sàídì nìkan ló gbójú sókè láti wo ibi tí awò ń wò.

Kò rí òṣùpá. Orí àtẹ̀gùn pẹ́tẹ́ẹ̀sì òdìkejì ló rí, níbi tí Adégòkè alágbàfọ̀ dúró sí pẹ̀lú òkìtì aṣọ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù eléèédú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fì í bí gbogbo alágbàfọ̀ ṣe ń fì í, síwá, sẹ́yìn, síwá, sẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ lè mú ẹ̀yinná pọ́n. Gílóòbù kì í tètè kú, nítorí náà ipa ọwọ́ rẹ̀ tàn kálẹ̀ lórí pákó, ó tẹ̀ kọdọrọ bí òṣùpá tuntun ṣe máa ń tẹ̀ lókè wa níhìn-ín.

Sàídì la ẹnu. Ó tún wo ojú ìyá rẹ̀ àgbà. Ó pa ẹnu dé.

24.

ALÁJÌ GÀFÁRÙ: Alihamudulilai. Ó ku kí á gbọ́ ọ lẹ́nu rédíò.

(Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.)

ALÁJÌ GÀFÁRÙ: Sàídì. Rédíò dà?

SÀÍDÌ: Ó wà nínú àmù, Alájì.

ALÁJÌ GÀFÁRÙ: Rédíò mi?

SÀÍDÌ: Díẹ̀ nínú ẹ̀.

25.

Sàídì sáré wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú tiransísítọ̀ méjì tó ń kán omi lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ jó ti Alájì padà. Ó yí bọ́tìnnì. Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n dígí tó ti hó lọ́dà ń rí àtùpà orí tábìlì, rédíò sì ń kùn bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbọ́ "àwọn mùsùlùmí". Ó gbọ́ "gbogbo". Ó pa àtùpà kí kíkùn lè dáwọ́ dúró. Nígbà tí yóò fi dáwọ́ dúró, orin ni wọ́n ń kọ.

26.

Kúlúsúmù ló fa Ìyá Àgbà lọ́wọ́ wá. Ó ní kí Kúlúsúmù lọ dúró níta.

ÌYÁ ÀGBÀ: Mo ti rí òṣùpá ọdún láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fì rí.

SÀÍDÌ: Ìyá…

ÌYÁ ÀGBÀ: Kí ni mo rí?

SÀÍDÌ: Áyọ́ọ̀nù Adégòkè ni.

ÌYÁ ÀGBÀ: Áà.

SÀÍDÌ: Ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tún ṣubú.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ó rẹwà, àbí kò rẹwà?

SÀÍDÌ: Ó rẹwà, Ìyá.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ó ti pẹ́ tí mo ti rí nǹkan tó rẹwà kẹ́yìn. Kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ Adégòkè. Ó yá, jẹ́ kí á sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Agara ojú tèmi ti dá mi. Tìrẹ ni mo fẹ́ lò báyìí, ìwọ Sàídì, kì í ṣe èyí tó o rì sínú omi mi. Òṣùpá ọjọ́ kìn-ín-ní kì í pẹ́ wọ̀. Jáde lọ wò ó. Ohun tó o bá sọ fún mi ni mo rí. Ṣé kí n jí ṣe sààrì, àbí kí n má jí?

27.

Sàídì jáde síta. Ó nu ojú rẹ̀ méjèèjì. Adégòkè ti wọlé pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Lọ́nà ìwọ̀-oòrùn, ọyẹ́ ni, ọyẹ́ náà ni, àti ibì kan láàárín méjì tó dà bíi pé ó funfun díẹ̀ ju ibòmíràn lọ.

Ìyá rẹ̀ àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de ohun tó máa sọ.