Òkúta Tí Bàbá Mi Fi Ń Pọ́n Abẹ

Láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún bàbá mi, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fá irùngbọ̀n wọn. Onígbàjámọ̀ ni wọ́n, ogójì ọdún gbáko ni wọ́n sì fi fá ti àwọn ẹlòmíì. Ṣọ́ọ̀bù wọn níwájú ilé ti di tèmi, ẹ̀rọ oníná ni mo sì ń lò. Bí mo bá gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ wọn báyìí, wọ́n á yíjú sí ògiri.

"Kí nǹkan tó ń kùn bí eṣinṣin yẹn má fara kàn mí," ni wọ́n máa ń wí.

Irùngbọ̀n ọ̀hún wá dé àyà. Ojú ń tì wọ́n, wọn ò jókòó síta mọ́. Bàbá tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè kọjá lójúde kí wọ́n má fi í ṣẹ̀fẹ̀! Ó ń dùn mí wọra.

Ni mo bá pinnu pé abẹ wọn gan-an ni màá fi fá a. Abẹ náà ti kú, kò lè fá irun ọmọ tuntun. Òkúta ìpọ́nbẹ wọn wà nínú páànù kan lábẹ́ àga, epo àti ìdọ̀tí ti dì mọ́ ọn lára, àárín rẹ̀ sì ti jin bíi ti ṣíbí.

Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ha á títí àwọ̀ eérú rẹ̀ fi jáde. Mo tẹ́ pépà oníyanrìn táwọn káfíńtà ń lò sórí gíláàsì, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sójú òkúta náà, mo sì ń gbo ó lórí pépà. Bí ìlà bá ṣẹ́ kù láàárín, a jẹ́ pé àárín ṣì jin nìyẹn, màá tún gbo ó. Ọjọ́ mẹ́ta! Èmi tí wọ́n ń pè ní Kíákíá nínú ilé! Èékánná mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ìlà pa rẹ́ pátá, òkúta tẹ́ pẹrẹsẹ. Inú mi dùn kọjá sísọ.

Mo wọ́n omi sí i, mo gbé abẹ lé e. Abẹ ò mú. Àárín ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń kan òkúta, orí àti ìdí rẹ̀ ò kan nǹkan kan. Mo tún gbìyànjú, pàbó ló já sí. Inú bí mi, mo kó abẹ àti òkúta tọ bàbá mi lọ.

Wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n fọwọ́ ra ojú òkúta náà.

"Kíákíá, kòtò àárín yìí dà?"

"Mo ti gbo ó tán, Bàámi. Ṣebí ó ti bàjẹ́ ni."

"Bàjẹ́ kẹ̀? Ogójì ọdún ni mo fi gbẹ́ ẹ! Abẹ mi ti tẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ti di tọkọtaya. O wá fọjọ́ mẹ́ta tú ilé wọn ká."

Mo bú sẹ́kún. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo gbo dànù, ọwọ́ ọ̀hún ò sì lè ṣe òmíràn mọ́.

"Ẹ má bínú, Bàámi."

"Ta ló ń bínú?" Ẹ̀rín gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn kan jáde. "Gbé abẹ yẹn. A máa kọ́ ọ bó ṣe máa rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́."

Wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn lé ọwọ́ mi. Wọn ò jẹ́ kí n ti abẹ lọ tààrà. Wọ́n ń yí ọwọ́ mi díẹ̀díẹ̀, kí ẹnu abẹ lè kan òkúta láti ìdí dé orí.

"Rọra. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ."

Nígbà tó yá, wọ́n jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, ó sì ń yí lọ fúnra rẹ̀. Mo dán abẹ wò lára irun apá mi. Ó fá a mọ́ tónítóní.

Mo po ọṣẹ. Bàbá mi wo abẹ, wọ́n wò mí, wọ́n wá dijú, wọ́n gbé àgbọ̀n sókè bí àwọn oníbàárà wọn ṣe máa ń gbé e fún wọn. Ìgbà tí mo dé abẹ́ àgbọ̀n ni mo rí omi lójú wọn. Mo dáwọ́ dúró, mo bi wọ́n bóyá ó ń ta wọ́n.

"Máa fá a lọ," ni wọ́n wí. "Tó o bá ṣe tán, gbé àga mi síta."