Àlejò Tí Phebe Pè Ní Ọmọ Àbúrò Rẹ̀

Ìwọ tí ò ń ka èyí, ṣọ́ra o. Irọ́ yòówù tó bá wù ọ́ pa, má fi ẹbí kún un.

Phebe, opó ará Iléṣà kan tó ń gbé lẹ́yìn Dàda Estate ní Òṣogbo, kò tètè mọ èyí. Ó ń gba àlejò sí yàrá méjì nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Wọ́n á sùn fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á sanwó, wọ́n á lọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ti ṣòfin: ẹni tó bá ń gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, kó sì fi orúkọ wọn sílẹ̀ ní géètì. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ yóò kọ́kọ́ wá yẹ ilé wò. Phebe wo òrùlé kíṣìnnì rẹ̀ tó ń jò, ẹ̀rù bà á. Ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Òfin kò kan ẹbí, àbí? Gbogbo àlejò tó bá ti dé, ẹbí òun ni.

"Àmínù," á sọ fún ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì, "ọmọ àbúrò mi láti Ìmẹ̀sí-Ilé nìyí o."

"Mọ́mì, àbúrò yín yìí mà bímọ o! Ṣé ehoro ni wọ́n ni?" Àmínù á rẹ́rìn-ín, á ṣí géètì.

Èyí tó dé kẹ́yìn, ọmọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, ó mọ ènìyàn kí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Waliyullah, télọ̀ òdìkejì, ó ní kó yá òun ní ọ̀kadà, kí òun fi lọ ra oògùn fún Àǹtí Phebe. Ta ló máa fi ọ̀kadà du ọmọ aládùúgbò? Àmínù ṣí géètì fún un. Ọmọ lọ, ọ̀kadà lọ.

Waliyullah àti àwọn ará àdúgbò sáré bá Phebe. Ẹnu rẹ̀ yá ju ọkàn rẹ̀ lọ.

"Èmi kọ́! N kò mọ̀ ọ́n rí. Àmínù ló ṣílẹ̀kùn, ẹ bi í."

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n pe ìpàdé sí iwájú ilé alága ẹgbẹ́ onílé, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣẹ̀yẹ. Àmínù wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ mú un wá bá mi. Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe, ẹ sọ̀rọ̀."

Phebe ń wo ilẹ̀.

"Ẹ ò sọ̀rọ̀ ni?" Waliyullah pariwo. "Ọmọ òṣómàáló! Àwa la máa lóṣòó tì yín lónìí."

"Ẹ fi ìyá sílẹ̀," alága ní. "Ẹ gbé Àmínù, ó di tẹ́ṣàn."

Wọ́n fà á dìde. Bàtà rẹ̀ kan bọ́. Wọn kò jẹ́ kó mú un. Phebe rí ẹsẹ̀ lásán náà lórí yangí, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Ẹ dúró! Èmi... èmi ni mo pè é ní ọmọ àbúrò mi. Àlejò ni. Ó sanwó. N kò ní ìwé àṣẹ."

Alága ní kí wọ́n ti yàrá àlejò náà pa, kí Phebe sì wá ọ̀kadà mìíràn fún télọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló gbà. Ṣùgbọ́n Àmínù mú bàtà rẹ̀, ó kọjá lára Phebe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Ìgbà náà ni Màmá Àpìkẹ́, àgbàlagbà tí ilé rẹ̀ àti ti Phebe jọ lo ògiri kan, dìde pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Phebe, aláboyún tó wá lóṣù tó kọjá ńkọ́? Tí o ní ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Mo ṣì ń ṣe àdúà fún un lórí ìrun. Ta ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Èyí tí mo lè sọ ni mo ti sọ yẹn."

"Orúkọ tó o fún mi, tí mo fi ń ṣe àdúà, ṣé orúkọ rẹ̀ ni?"

"Ẹ má bi mí mọ́, Màmá. N kò ní sọ̀rọ̀ mọ́."