Ìṣẹ́jú Mẹ́rin tí Fèrè Alonzo Fi Dákẹ́

Ó ti rẹ Alonzo Pettway kí ó tó jókòó gbọ́ téèpù eré wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri ló ti ń fọn fèrè jáàsì ní gúúsù Chicago, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n á kàn dúró níwájú èèyàn tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n: òun, Verdell tó ń ta gòjé ńlá, àti Cleotha obìnrin onílù. Ní ọ̀sán Sunday, wọ́n ṣeré ní yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, wọ́n sì gbà á sílẹ̀ láti fi ṣe àwo orin.

Láàárọ̀ Wednesday, àwọn méjèèjì gbé téèpù wá sí kíṣìnnì rẹ̀. Fèrè ń ké, ó sì dákẹ́ lójijì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko ni gòjé àti ìlù fi ń dá lọ, kí àtẹ́wọ́ tó ró.

Cleotha ní, "Ẹni tó fẹ́ gbé àwo náà jáde sọ pé ibí yìí ló dùn jù. Ó ní ọgbọ́n àgbà lẹ lò."

Ojú ti Alonzo. Ọgbọ́n wo? Èémí ló tán nínú rẹ̀, tó gbé fèrè lé itan, tó ń bẹ Ọlọ́run kí òun má ṣubú lójú èrò.

"Ẹ gé e kúrò."

"Ẹ̀gbọ́n," Cleotha ní, "ta ló ṣòfin pé a kì í gé ohun tí a bá ti ṣe níwájú èèyàn? Nígbà tí mo sín sínú àwo wa àkọ́kọ́, mo bẹ̀ yín títí. Ṣé ẹ gbà?"

"Ti sísín yàtọ̀."

"Ìyàtọ̀ wo?"

"Mi ò lè fọn ọ́n mọ́ ni, Cleotha. Ẹni tí agbára rẹ̀ ti tán ni wọ́n ń yìn yẹn."

Verdell yí téèpù padà sẹ́yìn. "Ẹ má wá ohùn fèrè mọ́. Gòjé ni kí ẹ gbọ́."

Alonzo gbọ́ ọ. Verdell oníjẹ̀lẹ́ńkẹ́ ló ń ta gòjé bí ẹni tó ń jà.

"Mo rí i pé èémí yín ti tán," Verdell ní. "Mo ṣẹ́jú sí Cleotha, la bá pariwo, kí ojú èrò lè kúrò lára yín. A mọ̀ pé kì í ṣe ọgbọ́n orin lẹ fi dákẹ́."

Alonzo ní, "Ẹ má gé e mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ orúkọ mi sí i. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣe é."

Cleotha ti ń kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára páálí téèpù. "Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, ta là bá máa dáàbò bò?"

Alonzo ò lágbára àtijiyàn mọ́. Ó fọwọ́ bojú, ó sunkún, wọ́n sì jẹ́ kí ó sun ún tẹ́rùn.